Gbégi Ọ̀nà Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Bọ̀dé

Ẹni tó bá ní koríko jíjá kì í ṣe iṣẹ́, ẹ bá mi bi í bóyá ó ti já gbégi láàárín òkúta wẹ́wẹ́ rí. Koríko inú oko, ọkọ́ wà fún un. Koríko ẹ̀yìnkùlé, àdá á bá a wí. Ṣùgbọ́n gbégi tó bá ti wọ àárín òkúta, ọwọ́ lásán ni, nítorí bí o bá gbé ọkọ́ lé e, òkúta ni ọkọ́ yóò kó lọ, gbégi á sì wà níbẹ̀ tí á máa wò ọ́ níran. Ṣe ni kí o kúnlẹ̀, kí o fi ìṣó ńlá wá ìdí rẹ̀ kàn, kí o rọra máa fà á. Nígbà tí o bá rò pé ó ń bọ̀, pà! ó ti já mọ́ ọ lọ́wọ́, gbòǹgbò rẹ̀ sì ti jókòó sínú yangí lábẹ́ òkúta, ó ń dúró de òjò tó ń bọ̀. Mo mọ gbogbo èyí kí n tó wọ girama. Irun orí mi ti ń funfun báyìí, orúnkún mi méjèèjì ṣì rántí, inú sì ṣì ń bí mi. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé bí èèyàn bá ti ń dàgbà, ìbínú ìgbà èwe máa ń di ẹ̀rín. Tèmi ò tíì dì í.

Ayétòrò ni ilé wa wà, ní etí ọ̀nà tó lọ sí ilé-ìwé ìjọ tí Bàbá mi ti ń ṣe tíṣà. Àwa tí à ń gbé inú rẹ̀ ò pọ̀: Bàbá, Màmá, Ìyá Àgbà tó bí Bàbá, èmi Dúpẹ́, àti Tóyìn àbúrò mi. Ẹ̀gbọ́n wa Bọ̀dé, àkọ́bí ilé àti ọkùnrin kan ṣoṣo láàárín wa, ti lọ sí Àjàṣẹ́ ní òdìkejì bọ́dà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí mo bá di ojú mi báyìí, etí ni mo kọ́kọ́ fi ń padà sí ilé náà: ọwọ̀ Ìyá Àgbà tó ń gbálẹ̀ kí àkùkọ tó kọ tán, ẹ̀rọ ìlọ-ẹ̀gẹ́ tó ń pariwo ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, agogo ṣọ́ọ̀ṣì, asẹ́ Màmá tó ń lọ ṣìn-ṣìn-ṣìn lẹ́yìnkùlé. Gàrí ni iṣẹ́ Màmá. Òórùn ẹ̀gẹ́ kì í kúrò lára rẹ̀ tán, títí kan ọjọ́ Sọ́ńdè tó bá fi ọṣẹ olóòórùn dídùn wẹ̀. Èmi fẹ́ràn òórùn náà, torí bí mo bá ti gbọ́ ọ nínú òkùnkùn, mo mọ̀ pé ìyá mi wà nítòsí. Bàbá ò fẹ́ràn rẹ̀. Láàárọ̀, ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà la máa ń jẹ, lọ́sàn-án, ẹ̀bà, lálẹ́, ẹ̀bà náà ni, àfi bí Màmá bá ráyè ro láfún.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, obìnrin oníṣòwò kan láti Ọjà-Ọ̀dàn, tó máa ń ná ọjà dé Àjàṣẹ́, yà kí wa. Ó ní òun rí Bọ̀dé, ara rẹ̀ le, ẹ̀wù rẹ̀ funfun nini, àti pé àwọn òbí ọmọ tó ń kọ́ máa ń fi ọkọ̀ gbé e lọ sílé bó bá di ìrọ̀lẹ́. Ohun tí obìnrin náà sọ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo bu omi fún un mu. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà tó dé etí Ìyá Àgbà ní yàrá, Bọ̀dé ti ń wa ọkọ̀; kó tó di Sọ́ńdè, Bọ̀dé ti fẹ́ gbé ọkọ̀ wálé. Màmá ní, "Ìyá yẹn ò kúkú sọ bẹ́ẹ̀." Bàbá dá a lóhùn pé ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni típà kan fi ẹ̀yìn wọ iwájú ilé wa, ó sì da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ tí eruku bo gbogbo aṣọ tí Màmá sá. Bàbá la ọ̀nà láti géètì dé ẹsẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi búlọ́ọ̀kù tò ó lápá ọ̀tún àti òsì, èmi àti Tóyìn sì fi bàsíà ru òkúta kún un. Báyìí la ṣe ní ọ̀nà ọkọ̀. Ọkọ̀ ni ò sí. Ohun tó ní táyà nínú ilé wa ò ju kẹ̀kẹ́ Bàbá lọ, kẹ̀kẹ́ náà pàápàá ò sì gbọdọ̀ gba orí òkúta kọjá. Bàbá á sọ̀ kalẹ̀ ní géètì, á gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, á máa fi ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù rìn bọ̀ bí ẹni tó gbé àgbò tó ń ṣàìsàn. Àwọn aládùúgbò ń wò ó, wọn ò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò lè rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Bí mo bá ń rántí rẹ̀ báyìí, ẹ̀rín á fẹ́ bọ́, ìbínú á sì gbé e mì.

Gbogbo wa là ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, àfi gbégi. Gbégi ò mọ̀ pé ti Bọ̀dé ni. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó yọ. Òmíràn rọ̀, emìlẹ̀ bá a yọ, patanmọ́ sì ń rá pálá bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ géètì. Bàbá da iyọ̀ sí i. Iyọ̀ tán, gbégi ò tán. Ó ní ká se omi gbígbóná dà sí i. Ó sùn di ọjọ́ kejì, ó jí. Ni wọ́n bá yíjú sí ọwọ́ wa. Ìyá Àgbà ló fi ọ̀rọ̀ náà sórí wa bí ẹrù, nítorí ó ní òfin kan tó gbé wá láti ilé bàbá rẹ̀: bí ẹnìkan bá rìnrìn-àjò, àwọn tó kù nílé ò gbọdọ̀ jẹ́ kí koríko hù lójú ọ̀nà tó gbà lọ. "Bí ẹ bá jẹ́ kí ojú ọ̀nà ẹni di igbó," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, "ẹ ti sọ fún un pé kó má bọ̀ mọ́. Ilé tí koríko bá bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ahoro ni." Mo gbọ́ ọ yé, kódà mo gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Ohun tó ń ká mi lára ni pé ìfẹ́ Bàbá àti Ìyá Àgbà ni, orúnkún èmi àti Tóyìn ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, àwọn tó ń lọ sóko á dúró ní géètì, wọ́n á kí Bàbá tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀: "Tíṣà, ẹ kú ìmúra o! Ọkọ̀ á fẹsẹ̀ ayọ̀ wọlé!" Bàbá á gbé ọwọ́ sókè. Kò sí ẹni tó ń kí àwa tí a kúnlẹ̀.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé òwúrọ̀ Sátidé yẹn gan-an ni Àǹtí Ṣọlá, tíṣà kíláàsì wa, máa ń kọ́ àwa tí a fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ girama ní lẹ́sìnnì. Girama ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ láyé. Mo ti rí àwọn ọmọ girama Ìlaro nínú aṣọ aláwọ̀ búlúù wọn, mo sì ti pinnu pé bí mi ò bá wọ ọ́, màá sá. Ibi tí mo fẹ́ sá lọ ni mi ò mọ̀. Kí n tó já koríko tán, kí n fọ ọwọ́, kí n sáré dé ilé-ìwé, Àǹtí Ṣọlá á ti ń nu pátákó. Á wò mí, á wo èékánná mi tó kún fún erùpẹ̀, á ní, "Ìwọ ọmọ tíṣà yìí!" Mo bẹ Bàbá pé kí n máa já koríko lọ́sàn-án. Ó ní oòrùn ọ̀sán kì í jẹ́ kí gbòǹgbò ó fà. Mo ní lẹ́sìnnì ń kọjá mi. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ṣé a ń gbé inú odò, ọṣẹ tún ń wọ̀ wá lójú ni? Kí lo fẹ́ kọ́ níbẹ̀ tí èmi ò lè kọ́ ẹ nílé?" Ọ̀rọ̀ rere! Kò fi ọjọ́ kan kọ́ mi. Ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti òwúrọ̀ dọ́sàn-án, bó bá sì délé, gbégi ló máa ń béèrè, kì í ṣe ìwé.

Màmá ń wò wá. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí bí Bàbá bá ń sọ̀rọ̀, ṣe ló máa ń sẹ́ gàrí rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan tí Bàbá lọ sí ìpàdé ìjọ ní Ipokia, tó ní òun ò ní padà títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Màmá wọ́ àwọn àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé wá síwájú ilé. Ó tò wọ́n sórí òkúta Bọ̀dé láti géètì dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé pákó lé wọn, ó gbé òkúta ńlá lé pákó. Omi ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, funfun bí omi ọ̀gì, ó ń wọlẹ̀ láàárín òkúta. Kò sí ọmọ Ayétòrò tí kò mọ̀ pé ibi tí omi ẹ̀gẹ́ bá ń kán sí, koríko ò ní hù níbẹ̀. Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Òórùn rẹ̀ ni kò fẹ́ lójú ọ̀nà ọmọ rẹ̀. Òórùn ọ̀hún sì wà lóòótọ́, mi ò ní purọ́. Ìyá Àgbà yọ jáde, ó fi ìborùn bo imú.

"Ìyá Bọ̀dé, kí lò ń ṣe yẹn?"

"Gàrí ni mò ń fún, Màmá."

"Lójú ọ̀nà ọmọ rẹ?"

"Ọmọ mi náà ló ń kúnlẹ̀ níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, Màmá."

Ìyá Àgbà wọlé, ó tilẹ̀kùn. Nígbà tó fi máa di òwúrọ̀ Sátidé, gbégi ti pọ́n bí ewé àgbàdo tí wọ́n ti kórè. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ìwé wà lábíyá mi, mo sì dé kíláàsì kí Àǹtí Ṣọlá tó kọ nǹkan kan sí pátákó. Ìlà ìṣirò àkọ́kọ́ tó kọ lọ́jọ́ náà, mo lè kọ ọ́ fún yín báyìí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Bàbá dé. Ó dúró ní géètì, báàgì wà lọ́wọ́ rẹ̀, imú rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Bàbá mi kì í pariwo. Bí inú bá ń bí i, ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ ni, èyí sì burú ju ariwo lọ. "Ta ló sọ ojú ọ̀nà ọmọ mi di ilé gàrí?" Màmá ní òun ni. Bàbá ní, "Ọmọ tó ń bọ̀ láti ìlú tí wọ́n ti ń sọ Faransé, òórùn ẹ̀gẹ́ lẹ fẹ́ fi pàdé rẹ̀?" Màmá nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, ó ní, "Òórùn ẹ̀gẹ́ yìí ló fi wọ gbogbo ilé-ìwé tó lọ." Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ń pàtẹ́wọ́ fún un. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù ló ń bà mí, mo sá sẹ́yìn ìkòkò omi. Bàbá gba ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù wọlé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, obìnrin Ọjà-Ọ̀dàn yẹn tún kọjá, ó ní Bọ̀dé ní kí òun sọ fún wa pé òun ń bọ̀ wálé ní Sátidé tó ń bọ̀, nítorí ìkórè tí a ó ṣe ní Sọ́ńdè. Bí Bàbá ti gbọ́ èyí, ó ní ká kó gbogbo òkúta ojú ọ̀nà náà, ká fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́, ká sá a lórí àpò, ká sì dà á padà. Òkúta! Ẹ̀dá wo ló ń fọ òkúta? Mo bi yín, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ǹjẹ́ ẹ ti bá wọn níbì kan tí wọ́n ti ń fi ọṣẹ fọ òkúta rí, kí táyà lè gun orí rẹ̀? Bí a bá ti ti ilé-ìwé dé, ìdí bàsíà ni. Ọṣẹ bó èmi àti Tóyìn lọ́wọ́. Bàbá á mú ọ̀kan, á gbé e símú, á ní, "Ó ṣì ń rùn," á jù ú padà. Kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. A ò tíì fọ ìdajì nígbà tí Fúráìdé dé.

Sátidé yẹn kan náà ni ìdánwò, ní Ìlaro. Mo ti sọ fún Bàbá, Àǹtí Ṣọlá náà sì ti sọ fún un. Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, mo fọ ọwọ́, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ọ̀la ni ìdánwò, sà."

"Mo mọ̀."

"Àárọ̀ kùtù la gbọ́dọ̀ kúrò nílé, sà."

Ó wo òkúta tó kù nílẹ̀, ó wò mí. "Dúpẹ́, ìdánwò á tún wáyé lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ kì í wálé lójoojúmọ́." Ó ní ká fọ èyí tó kù láàárọ̀ ọ̀la, kí ọkọ̀ tó dé. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ fìyà jẹ mí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò máa rọ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù títí dòní. Bó bá jẹ́ pé ó kórìíra mi ni, ǹ bá mọ ohun tí mo lè bá jà.

Mi ò sùn dáadáa. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, Màmá fọwọ́ kàn mí léjìká, omi ìwẹ̀ mi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú garawa. Ó wọ aṣọ ilé-ìwé fún mi bí ẹni pé mi ò lè wọ̀ ọ́ fúnra mi, ó fi pẹ́ńsù àti rọ́bà sí mi lápò, ó fi ewé di ẹ̀kọ àti àkàrà lé mi lọ́wọ́. Bàbá ti wà ní ìdí òkúta. Ó nàró nígbà tó rí wa.

"Níbo lẹ ń lọ?"

"Ìlaro," Màmá dáhùn.

"Ta ni yóò fọ èyí tó kù?"

"Ẹni tó ń retí ọkọ̀ ni kó fọ̀ ọ́."

"Ìyá Bọ̀dé, ṣé ìjà lo fẹ́ bá mi jà lójú ọmọ?"

"Mi ò bá yín jà, Bàbá Bọ̀dé. Ọ̀nà ọkọ̀ tí kò sí ló ń dí ọ̀nà ọmọ tó wà." Ó di ọwọ́ mi mú. Mo ti fẹ́ yà sí ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù, bó ṣe mọ́ wa lára, ṣùgbọ́n Màmá fà mí padà, ó sì gba àárín òkúta gan-an. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fi bàtà tẹ àárín ọ̀nà yẹn. Òkúta ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, títí a fi dé géètì. Mo bojú wẹ̀yìn. Mo rò pé Bàbá ń wò mí lọ. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò bóyá erùpẹ̀ bàtà wa ti kan òkúta tí wọ́n ti fọ̀.

Mọ́tò tí a wọ̀ kún, Màmá gbé mi lé itan bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti dàgbà. A kọjá Ìgbógìlà, mo jẹ àkàrà mi, mo ń ka ìsọdipúpọ̀ sínú. Ní gbọ̀ngàn tí wọ́n kó wa sí, ọwọ́ tí ọṣẹ bó ni mo fi di pẹ́ńsù mú, ó ń ta mí. Mo kọ gbogbo rẹ̀ tìbínú-tìbínú. Mo gbà pé ìbínú yẹn ló jẹ́ kí n yára. Nígbà tí mo jáde, Màmá wà lábẹ́ igi lóde, ó bọ́ bàtà, ó wo ojú mi, ó sì ra ọsàn fún mi.

Ìgbà tí a délé, oòrùn ti ń rọ̀. Kò sí ọkọ̀ lójú ọ̀nà. Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Tóyìn ló sáré pàdé wa, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sí wa létí: ọ̀kadà ló gbé Ẹ̀gbọ́n Bọ̀dé wá. Bàbá pàṣẹ pé kó gbé e wọlé, ṣùgbọ́n ọlọ́kadà wo òkúta náà, ó ní, "Bàbá, èyí tí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ yìí? Á yọ̀ mí ṣubú o," ó sì já Bọ̀dé sílẹ̀ ní géètì. Bàbá jáde dé ojú títì, ó ń wo ẹ̀yìn ọ̀kadà. "Ọkọ̀ ńkọ́?" Bọ̀dé dọ̀bálẹ̀ tán, ó dìde. "Ọkọ̀ wo, sà?" Nígbà tí Tóyìn sọ tán, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì, ó jókòó ti asẹ́ Màmá, ó ń sẹ́ gàrí tó bá nílẹ̀. Nígbà tó rí mi nínú aṣọ ilé-ìwé, ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Dúpẹ́, báwo ni ìdánwò?" Òun lẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọkùnrin ilé wa tó béèrè. Mo bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ kejì, ní ìkórè, gbogbo ẹni tó bá béèrè ni Bàbá ń sọ fún pé ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Àjàṣẹ́. Bọ̀dé dorí kodò nínú ìjókòó rẹ̀. Nígbà tí a délé, tí a ti jẹun tán, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní ọkọ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo ní in. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n wà." Bàbá ń fi igi tayín, ó ní, "Mo gbọ́. Wàá ní in. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí koríko bo ọ̀nà náà." Nígbà tí èsì ìdánwò jáde tí orúkọ mi wà níbẹ̀, mo mú ìwé náà lọ fi han Bàbá. Ó kà á lókè, ó kà á nísàlẹ̀, tíṣà ṣáà ni. Ó ní, "O ṣeun." Lẹ́yìn náà ó wo iwájú ilé. "Ta ni yóò wá máa já koríko báyìí?"

Ọ̀pọ̀ òjò ti rọ̀ láti ìgbà náà. Ìyá Àgbà ti lọ sinmi. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà ní Àjàṣẹ́, ó ti ní ọmọ-ọmọ níbẹ̀, mọ́tò èrò ló ń wọ̀ wálé, kò sì mọ ọkọ̀ wà di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Èmi di olùkọ́ ní ilé-ìwé gíga ní Ìlaro, èmi sì lẹni tó ra ọkọ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e wá sí Ayétòrò, mo ti ń rẹ́rìn-ín láti Ìgbógìlà. Mo dé géètì, mo fọn fèrè. Bàbá jáde, ó súre fún mi, ó gbàdúrà sí ọkọ̀ náà dáadáa, ó tún fọwọ́ nù ún. Lẹ́yìn náà ló ní, "Fi í sábẹ́ máńgòrò lẹ́bàá títì níbẹ̀ yẹn. Epo á kán sórí òkúta ẹ̀gbọ́n rẹ." Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà. Láti ìgbà náà, gbogbo ọkọ̀ tí mo ti rà, abẹ́ máńgòrò ni wọ́n ń sùn bí mo bá wálé; ewúrẹ́ àdúgbò ti sọ orí wọn di ibùsùn, máńgòrò ti fọ́ gíláàsì ọ̀kan. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n dárí jì í, arúgbó ni. Mo ti dárí jì í. Ìdáríjì ò ní kí inú má bíni. Bí mo bá wálé tí mo rí gbégi nínú òkúta yẹn, ó tutù yọ̀yọ̀, tí kò sí ọmọ kankan nílẹ̀ mọ́ tí yóò já a, ṣe ló máa ń ṣe mí bíi kí n kí i pé ó kú ìforítì.

Lọ́dún tó kọjá ni ojú Bàbá ṣú pátápátá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń jókòó sí, etí ló fi ń ríran. Lọ́jọ́ kan, mo gbé Màmá lọ sí ọsibítù nítorí orúnkún rẹ̀, òjò sì ń rọ̀ nígbà tí a fi ń padà bọ̀. Mo rọra ń yà sábẹ́ máńgòrò, bó ṣe mọ́ mi lára, ni Màmá fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Wọlé," ó ní.

"Màmá, Bàbá ńkọ́?"

"Mo ní kí o wọlé. Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Mo sọ̀ kalẹ̀ sínú òjò, mo ṣí géètì, mo wọkọ̀ padà. Mo gbé táyà lé e. Gbégi dùbúlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, òkúta sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ohùn tí èmi àti Tóyìn ti fi gbogbo ìgbà èwe wa kúnlẹ̀ dè. Lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì ti àga, ó dìde láìsí ẹni tó dì í mú. Ojú rẹ̀ tí kò ríran ń tàn.

"Bọ̀dé!" ó ké. "Ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ jáde wá! Mo sọ fún yín! Bọ̀dé ti gbé ọkọ̀ dé!"

Mo pa ọkọ̀. Mo ṣílẹ̀kùn, mo sì dúró lórí òkúta nínú òjò.

"Dúpẹ́ ni, sà."

Ọwọ́ rẹ̀ tó nà síwájú rọra ń padà bọ̀ sára rẹ̀. Ó yí etí sọ́dọ̀ mi. Mo ń retí. Mo mọ̀ pé mo ń retí, inú sì ń bí mi sí ara mi pé mo ṣì ń retí.

"Dúpẹ́," ó ní. "Ṣé wọ́n ti já gbégi ojú ọ̀nà yẹn?"

"Wọn ò já a, sà," ni mo dá a lóhùn. "Ọkọ̀ ti wọlé."